Èbúté Mẹ́ta, Ilẹ̀ Àwọn Tó Kọ̀ Láti Bá Ayé Lọ

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá ọdún 1867 bọ́ sí. Lọ́jọ́ náà ní Abẹ́òkúta, ariwo ìjà ló gba ìlú kan. Àwọn èèyàn ya wọ ilé ìsìn àti ilé àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n kó ẹrù, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́. Ẹ̀rọ yẹn ni míṣọ́nnárì Henry Townsend fi ń tẹ ìwé ìròyìn tó dá sílẹ̀ fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá lọ́dún 1859, bí ìwé náà sì ṣe parí nìyẹn. Ìfọ́lé ni àwọn Ẹ̀gbá ń pe ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà títí dòní.

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu oníwàásù á rò pé ẹ̀sìn nìkan ló dá ìjà sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba òyìnbó tó wà l'Ékòó, lábẹ́ John Hawley Glover, ti ń pa ààlà wọ ibi tí àwọn Ẹ̀gbá kà sí ilẹ̀ wọn, ó sì ti fi ọlọ́pàá ṣọ́ ojú ọ̀nà. Inú bí àwọn àgbààgbà. George William Johnson, Sàró kan, ọ̀kan lára àwọn tó padà wálé láti Sierra Leone, tó fẹ́ kí Ẹ̀gbá ní ìjọba tó lè bá òyìnbó dúró lójúkojú, ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lọ́dún 1865, Ṣómóyè Baṣọ̀run sì ni olórí rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ wọn kò tó òyìnbó tó wà l'Ékòó, èyí tó wà nítòsí ni wọ́n dojú kọ. Lílé tí wọ́n lé àwọn míṣọ́nnárì kan àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó ti gba Jésù. Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe ìsìn rẹ̀ nìṣó láìsí ìbẹ̀rù ní láti di ẹrù rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn dì í, wọ́n sì forí lé ọ̀nà odò.

Glover ló gbà wọ́n sílé. Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ọkùnrin tí ìwà rẹ̀ wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ náà ló tún wá di alàánú àwọn tí ìjà lé kúrò nílé. Ilẹ̀ tó fún wọn, Èbúté Mẹ́ta, wà ní òdìkejì ọ̀sà, ó kọjú sí erékùṣù Èkó, abẹ́ ìdílé Ọlọ́tọ̀ ni ilẹ̀ náà wà kí òyìnbó tó dé. Wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n fa títì tọ́ọ́rọ́, wọ́n pín ojúlé fún àwọn tó sá wá. Títí dòní, ẹni tó bá ti Oyingbo rìn wọ inú Èbúté Mẹ́ta á rí i pé àwọn títì àtijọ́ ibẹ̀ kò lọ́ kiri bíi ti Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n dábùú ara wọn bí ìlà inú ìwé ìṣirò ọmọ ilé ìwé. Àwọn ọmọ ìjọ C.M.S., ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, tó wà láàrin wọn sọ St. Jude's di ilé ìsìn wọn.

Ìlú tí a lè sọ pé nítorí ìgbàgbọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ dó kò pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Èbúté Mẹ́ta jẹ́ ọ̀kan. Ohun tó sì mú ìtàn rẹ̀ yàtọ̀ ni pé ìran kọ̀ọ̀kan tó gbé ibẹ̀ ló ní ohun tó kà sí ayé tí onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ sá fún, ìran tó tẹ̀ lé e a sì yí i padà. Bíbélì kan náà ni gbogbo wọn ń kà. Ààlà tí wọ́n pa láàrin Bíbélì náà àti ayé ló ń sún láti ìgbà dé ìgbà, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìjà ti ń ṣẹlẹ̀.

Fún àwọn tó sá wá láti Abẹ́òkúta, kò ṣòro láti mọ ayé lójú. Ayé ni òrìṣà ilé baba wọn, ayé ni orò tó ń ké lóru, ayé ni ogun tó ń kó ẹrú wálé. Wọ́n rò pé àwọn ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Èkó náà ní tirẹ̀. Jíìnì àti àwọn ọtí líle mìíràn láti Yúróòpù ń gúnlẹ̀ ní àpótí àpótí, owó bodè orí wọn sì jẹ́ apá ńlá nínú owó tí ìjọba fi ń ṣàkóso. Ìjọba tó fi ọwọ́ kan fún onígbàgbọ́ nílẹ̀ ń fi ọwọ́ kejì gba owó lórí ohun tó ń ba ilé onígbàgbọ́ jẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell àti James Johnson gbógun ti òwò yìí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sú gbogbo ayé. Ìjọba gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò lè fi owó náà sílẹ̀.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí James Johnson. Sierra Leone ni wọ́n ti bí i, ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oko ẹrú ni. Ní Èkó, orúkọ tí àwọn èèyàn fún un ni Johnson Mímọ́, wọn kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọdún 1877 títí di 1880 ni C.M.S. fi í ṣe alábòójútó ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn kan ti padà sílé lẹ́yìn tí Ìfọ́lé rọlẹ̀. Ó débẹ̀, ó ní ọmọ ìjọ kankan kò gbọdọ̀ ní ẹrú. Ó ní oníyàwó púpọ̀ kò ní jẹ oúnjẹ Olúwa. Ó tún fi kún owó tí wọ́n ń san ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àgbà ìjọ tó lówó, tí ẹrú wọn ń kọ oko fún wọn, fárígá, C.M.S. sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ni kò fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ òyìnbó ṣe ìrìbọmi fún ọmọ Yorùbá. Lójú rẹ̀, ayé ní apá méjì: ọ̀kan wà nílé, ọ̀kan ti òkè òkun wá, onígbàgbọ́ tó bá sá fún ọ̀kan tó wá kó sọ́wọ́ èkejì kò tíì sá rárá. Nínú gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀ lórí nǹkan yìí láyé ọjọ́un, òun ni ojú rẹ̀ ríran jù, òun náà ni kò sì rẹ́ni tẹ̀ lé e dé òpin.

Orí ìyàwó ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Lọ́dún 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà gbogbo àgbáyé pàdé ní Lambeth, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin tó ní ju ìyàwó kan lọ. Ní Èkó, ìdájọ́ yìí dá họ́ùhọ́ù sílẹ̀. Àwọn kan bèèrè pé ta ló kọ ìyàwó Jákọ́bù, ta ló sì lé Dáfídì kúrò nílé Olúwa. Àwọn mìíràn ṣí Jẹ́nẹ́sísì, wọ́n ní ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni wọ́n fà yọ lápá ọ̀tún, òun náà ni wọ́n fà yọ lápá òsì. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1891, àwùjọ kan pinnu láti dá United Native African Church sílẹ̀, níbi tí aláwọ̀ dúdú á ti máa darí ara rẹ̀, tí wọn kò sì ní lé ọkùnrin nítorí pé ìyàwó rẹ̀ pọ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá ọdún 1901, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ St. Paul's ní Breadfruit bínú jáde, wọ́n dá African Church Bethel sílẹ̀. Ìwà tí àwọn aláṣẹ ìjọ Áńgílíkà hù sí James Johnson, àlùfáà wọn, lórí ilé àlùfáà ló mú wọn jáde. Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ. Ó jókòó sínú ìjọ Áńgílíkà títí ó fi kú.

Ìjà yìí kò dúró sí erékùṣù. Ó gba orí omi kọjá sí Èbúté Mẹ́ta, ìjọ African Church tó ń jẹ́ Salem sì wà níbẹ̀ di òní olónìí.

Mojola Agbebi ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpẹ̀kun. David Brown Vincent ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó kúrò lọ́dọ̀ míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ti Amẹ́ríkà lọ́dún 1888. Ní 1894 ó bọ́ orúkọ òyìnbó náà sílẹ̀, ó sì ń wọ aṣọ Yorùbá lọ sí gbogbo ibi. Nígbà tí African Church ń ṣe ọdún kan, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kejìlá ọdún 1902, òun ni wọ́n pè kó wàásù. Ó la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ pé ìwé orin, dùùrù, aṣọ funfun àwọn akọrin àti orúkọ òyìnbó kì í ṣe ara ìgbàgbọ́, pé ìgbàgbọ́ á dúró láìsí wọn. Ẹ wò ó: kò tíì pé ogójì ọdún tí àwọn onígbàgbọ́ fi ilé baba wọn sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ka àṣà ibẹ̀ sí ayé, ọmọ Yorùbá kan ti dúró lórí pẹpẹ l'Ékòó, ó ń ka àṣà òyìnbó sí ayé.

Ní àárín àríyànjiyàn yìí ni rélùwéè dé. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà ojú irin náà lọ́dún 1896, ọkọ̀ sì ń sáré dé Ìbàdàn nígbà tó fi di oṣù kẹta ọdún 1901. Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe orílé iṣẹ́, ibẹ̀ ni ilé ìtúnkọ̀ṣe rẹ̀ wà. Lọ́gán, ìlú tó jẹ́ ti àwọn ọmọ Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ di ìlú gbogbo ayé. Alágbẹ̀dẹ irin, akọ̀wé, adáná ọkọ̀, agbẹ́rù, ará Ìjẹ̀bú, Ìbò, Nupe, Sàró, wọ́n kún títì. Owó oṣù ń wọlé, ibi tí wọ́n á ti ná an kò sì jìnnà. Lára àwọn tó ń gba owó náà ni àwọn olóyè ìjọ wà.

Lẹ́yìn náà ni àjàkálẹ̀ àrùn dé. Lọ́dún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé ọ̀fìnkìn apanirun wọ Èkó, ìjọba ti ṣọ́ọ̀ṣì pa, àwọn dókítà kò rí nǹkan ṣe. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwùjọ kékeré kan nínú ìjọ Áńgílíkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà láìlo oògùn kankan, ì báà ṣe ti òyìnbó tàbí ti babaláwo. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Aládùúrà ti là. Ní 1925, Moses Orimolade àti Christiana Abiodun Akinsowon dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Àwọn Aládùúrà yìí tún ààlà pa lọ́tọ̀: wọ́n gba ìlù, àtẹ́wọ́, àlá àti ìran, àwọn nǹkan tí àlùfáà St. Jude's kò jẹ́ fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n wọ́n kọ egbòogi tí àlùfáà náà ń lò láìronú lé e lórí.

Ọmọ Ọ̀ṣọ́sà kan tó ń ṣe ọlọ́pàá ni wọ́n gbé lọ sí Èbúté Mẹ́ta lọ́dún 1943. Orúkọ rẹ̀ ni Hubert Ogunde. Pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ni baba rẹ̀, baba-ńlá rẹ̀ sì ń difá. Ó dara pọ̀ mọ́ Church of the Lord, ìjọ Aládùúrà tí Josiah Ositelu dá sílẹ̀. Ìjọ náà fẹ́ kọ́lé, wọ́n ní kí Ogunde ṣe eré tí wọ́n á fi kówó jọ. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1944, ó gbé eré nípa ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run jáde ní Glover Memorial Hall, gbọ̀ngàn tí wọ́n fi orúkọ Glover kan náà sọ. Ṣáájú rẹ̀, àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì a máa kọ eré bẹ́ẹ̀ lórí ìdúró, wọn kì í jó. Ogunde mú ijó wọ̀ ọ́, ó mú kí Ádámù àti Éfà hùwà bí èèyàn. Àwọn èèyàn wọ́ wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí owó ilé Olúwa di iṣẹ́ oúnjẹ: lọ́dún 1945 Ogunde bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀. Ọdún náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà fún ohun tó ju oṣù kan lọ, Michael Imoudu ti rélùwéè ṣíwájú wọn, Ogunde sì ṣe eré lórí ìyanṣẹ́lódì àti ebi. Kò tún padà sí eré ṣọ́ọ̀ṣì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Ó wá fẹ́ ìyàwó tó ju mẹ́wàá lọ, èyí tó pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ òṣèré inú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé ayé á gba ẹnu ọ̀nà orin wọ ṣọ́ọ̀ṣì lè fi í ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn tó gbà pé láti inú ṣọ́ọ̀ṣì ni eré orí ìtàgé Yorùbá ti jáde náà lè fi í ṣe àpẹẹrẹ. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ.

Láàrin àkókò yẹn, nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù ní Èbúté Mẹ́ta, wòlíì kan ń dàrú lọ́kàn. Josiah Akindayomi ni. Òǹdó ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1909, nínú ilé tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà. Ó ṣe ìrìbọmi ní C.M.S. ní 1927, ó di ọmọ Kérúbù ní 1931. Kò kọ́ ìwé kíkà, kò sì mọ̀ ọ́n kọ. Láti nǹkan bí ọdún 1947 ló ti ń rí i pé àwọn nǹkan kan tí wọ́n ń ṣe nínú ìjọ kò bá Bíbélì mu. Àwọn tó sá fún òrìṣà ni C.M.S. kójọ, àwọn tó rí i pé C.M.S. tutù jù ni Kérúbù kójọ. Ó wá kan ẹni tó rí i pé Kérúbù náà ti ya ọ̀nà. Akindayomi kó àwọn díẹ̀ jọ sílé ní òpópónà Willoughby, wọ́n pè é ní Ẹgbẹ́ Ògo Olúwa. Mẹ́sàn-án ni wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1952, ó já kúrò nínú Kérúbù pátápátá.

Ìtàn tí ìjọ náà ń sọ ni pé Akindayomi rí orúkọ tuntun kan lójú ìran, lára pátákó ìkọ̀wé, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò gbọ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: The Redeemed Christian Church of God. Ó tún bá ìjọ Apostolic Faith Mission ti South Africa ṣe pọ̀ fún ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Nàìjíríà ń gba òmìnira lọ́dún 1960 wọ́n tú àjọṣe náà ká. Kò rọrùn kí ọmọ Nàìjíríà máa jẹ́ ẹ̀ka ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi àwọ̀ ara ya èèyàn sọ́tọ̀. Ìjọ náà rí ilẹ̀ tirẹ̀ ní títì tó ń jẹ́ Cemetery Street nígbà náà, tí wọ́n wá sọ di Redemption Way.

Òfin ibẹ̀ le nígbà náà. Obìnrin kì í ṣí orí sílẹ̀, kì í wọ ṣòkòtò, kì í fi yẹtí sétí. Bí ọkùnrin bá ní ìyàwó méjì, kò ní rí ipò kankan dì mú. Ìjọ ọ̀hún kéré, kò lówó, èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń wàásù, ọ̀pọ̀ ará Èkó tó mọ̀wé kò sì mọ̀ pé ó wà.

Lọ́dún 1973, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò kan ní Yunifásítì Èkó, Enoch Adejare Adeboye, dé ibẹ̀ nítorí ìṣòro ilé. Láìpẹ́, òun ló ń túmọ̀ ìwàásù Akindayomi sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún kan náà yẹn, ní oṣù kẹjọ, William Kumuyi, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò mìíràn ní yunifásítì kan náà ní Akoka, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ilé tó ń gbé. Ilé ìwé Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ ni Kumuyi ti kàwé, lọ́dọ̀ Tai Solarin tó sọ gbangba pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà. Ẹni tó bá lè gba Jésù ní ọdún 1964 lẹ́yìn irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, ayé kò lè fi ọgbọ́n orí dẹ́rù bà á mọ́. Apostolic Faith, ìjọ mìíràn tí Kumuyi wà tẹ́lẹ̀, lé e nítorí pé ó ń wàásù láìjẹ́ pé wọ́n yàn án. Deeper Life tó dá sílẹ̀ kọ ohun ọ̀ṣọ́, ó sì ní kí ọmọ ìjọ má gbé tẹlifíṣàn wọlé.

Akindayomi kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1980. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1981, Adeboye di Alábòójútó Àgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó dàgbà jù ú lọ nínú ìjọ kò gbà bọ̀rọ̀. Òun ló sún ààlà náà. Lọ́dún 1988 ìjọ náà bẹ̀rẹ̀ àwọn model parish, níbi tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù, tí gìtá àti ìlù òde òní ń dún, tí wọn kò sì bi ọ̀dọ́mọbìnrin tó wọ yẹtí léèrè kó tó wọlé. Àwọn ìjọ àtijọ́ wo èyí, wọ́n mi orí. Àwọn mìíràn ní ó tó àkókò, nítorí pé ìjọ tí kò bá lè bá ọmọ yunifásítì sọ̀rọ̀ á di ilé àwọn arúgbó. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, èrò ti kún àwọn ìjọ tuntun náà. Deeper Life náà, tó kọ tẹlifíṣàn sílẹ̀, ń fi sátẹ́láìtì rán ìwàásù rẹ̀ káàkiri ayé báyìí.

Ó ṣòro láti sọ pé èyí jẹ́ ìpadàsẹ́yìn. Nínú gbogbo ààlà tí wọ́n pa ní Èbúté Mẹ́ta láti 1867, kò sí ọ̀kan tó dúró ju ìran méjì lọ láìsún. Ohun tí ìtàn ibẹ̀ fi hàn ni pé àwọn tó gbà pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ju ìlú lọ, ju owó lọ, ju ìjọ tó tọ́ wọn dàgbà lọ, kò tán níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Àṣìṣe wọn pọ̀. Wọ́n dá èèyàn lẹ́bi lórí aṣọ nígbà tí jíìnì ń wọlé ní àpótí, wọ́n sì lé oníyàwó méjì nígbà tí wọ́n gba ẹni tó ní ẹrú láyè.

Bí èrò tilẹ̀ ti ń rọ́ lọ sí ibùdó ńlá tí ìjọ Redeemed ní lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, Èbúté Mẹ́ta ni orílé iṣẹ́ ìjọ náà ní Nàìjíríà ṣì wà. Àwọn ìwé C.M.S. tó sọ ìtàn àwọn tó sá wá láti Abẹ́òkúta wà ní ilé ìpamọ́ ìjọba ní Ìbàdàn, ẹnikẹ́ni lè lọ kà wọ́n. Ti àwọn ìjọ kéékèèké, ti Aládùúrà àti ti àwọn tó bínú jáde, inú àpótí ni púpọ̀ wọn wà, ní ìyẹ̀wù ìdílé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń wó àwọn ilé àtijọ́ Èbúté Mẹ́ta lọ́dọọdún. Kí àwọn ìdílé àti ìjọ tí ìwé ìrìbọmi, ìwé ìpàdé tàbí àwòrán ọjọ́ wọ̀nyẹn bá wà lọ́wọ́ wọn gbé wọn jáde, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà wọn fún àwọn ilé ìkàwé, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn àgbà tó kù sọ tiwọn sínú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ báyìí.